Iyọ̀ Tí A Ń Fọ̀, àti Gẹ̀gẹ̀ Ọrùn Mi

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí aránṣọ mi ní Dansoman, ládùúgbò wa ní Accra, fi okùn ìwọ̀n yí ọrùn mi ká, tó tú u, tó tún un yí, tó wá dákẹ́. Obìnrin tí kì í dákẹ́ ni. Ó ti ń rán aṣọ fún mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu rẹ̀ a sì máa lọ bí ẹnu ẹ̀gà ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń lọ.

“Tíṣà,” ó ní, “ọrùn yín ti tóbi o.”

“Mo sanra díẹ̀ ni.”

“Apá yín ò sanra. Ìbàdí yín ò sanra. Àbí ọrùn nìkan lẹ ń bọ́ nílé yín?”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ kún kọ́là ẹ̀wù náà, mo sanwó, mo lọ sílé. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó lọ sí ọsíbítù. Nítorí àwọn oṣù wọ̀nyẹn ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí, àti nítorí àwọn tó wà nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Accra ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti di olóògbé kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé tó fi sílẹ̀ ní Dansoman, àwa mẹ́ta là ń gbé: ìyá rẹ̀, èmi, àti Rukayat, ọmọ mi obìnrin. Ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Ìyá, ta iyọ̀ ní ọjà Makola láti ìgbà èwe rẹ̀ títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Òun ló ń se ọbẹ̀ nílé wa. Kò sí ẹni tó lè gba ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọrùn mi kò ṣòroó mọ̀. Mùsùlùmí ni mí, mo sì ń lo ìborùn. Bí mo bá ti wẹ̀ láàárọ̀, mo ti wé e nìyẹn. Nílé ìwé, lọ́jà, lójú àlejò, aṣọ ló wà lọ́rùn mi. Èmi fúnra mi kì í wo ìsàlẹ̀ àgbọ̀n mi nínú dígí. Aṣọ náà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bo ara gbọ́dọ̀ máa yẹ ara wò, ìyẹn sì ni kí ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ṣí ọrùn, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé omi mì, kí ẹ wo iwájú ọ̀fun bó ṣe ń lọ sókè. Bí kókó kan bá bá a lọ sókè, tó tún bá a sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tan ara yín pé ẹ sanra.

Lẹ́yìn ti kọ́là, òkèlè bẹ̀rẹ̀ sí dúró díẹ̀ lọ́fun mi kó tó kọjá. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí lọ́fun, mo wá ń to ìrọ̀rí lé ara wọn kí n tó lè sùn. Èyí tó dùn mí jù ni ohùn. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ohùn mi a há. Mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru eruku ṣọ́ọ̀kì. Ohùn ni ọkọ́ tí tíṣà fi ń roko. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì kò lè mọ ohun tí o mọ̀ bí kò bá gbọ́ ohùn rẹ. Ìbẹ̀rù tó wọ̀ mí lára nígbà náà, tí kò sì fi mí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àìsàn yìí fi wà, ni pé ohùn mi yóò lọ, kò sì ní padà.

Ìyá ló kọ́kọ́ pe àìsàn náà lórúkọ. Mo ń gbẹ irun mi lẹ́yìn ìwẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, ó bá mi láìwé nǹkan. Ó fi ọwọ́ kàn án.

“Gẹ̀gẹ̀ nìyí,” ó ní. “Ìyàwó, onígẹ̀gẹ̀ wo lo fi ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Ìyá, mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Rántí dáadáa. Bóyá nígbà tó o wà lọ́mọdé.”

Rukayat, tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. “Ah, Màmá Àgbà! Àìsàn ni, kì í ṣe èpè. Ọsíbítù ni Màámi ń lọ lọ́la.”

“Ta ló ní kó má lọ? Kó lọ. Ṣùgbọ́n kó máa ronú nípa yẹ̀yẹ́ náà lọ́nà.”

Ẹni tó bá mọ ọsíbítù ìjọba ní Accra mọ̀ pé ìlà máa ń ti gùn kí oòrùn tó yọ. Àwọn tó dé ṣáájú ti fi sálúbàtà, ike omi àti àpò wọn di àyè mú lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn fúnra wọn wà níta, wọ́n ń ra ògì. Mo jókòó ti sálúbàtà pupa kan. Nígbà tó yá, obìnrin tó ni ín dé. Ẹ̀yà Gá, àwọn ọmọ onílẹ̀ Accra, ló ti wá, ẹja yíyan ló ń tà ní Chorkor. Ó ti gbọ́ èdè tí mo fi ń bá Rukayat sọ̀rọ̀.

“Alata,” ó kí mi ní èdè Twi, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Gánà, “ọrùn lo bá wá, àbí?” Ohùn rẹ̀ há bí ohùn ẹni tó sunkún mọ́jú.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá òtútù ló mú un. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fi àpá tín-ín-rín kan hàn mí nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀.

“Wọ́n ti gé tèmi kúrò. Mo ń mí dáadáa, mo ń sùn dáadáa. Àmọ́ mi ò lè pe oníbàárà mọ́. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń bá mi pè é, ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n sì ń pè é sí!”

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ iṣẹ́ abẹ, ohùn obìnrin yẹn ni mò ń gbọ́.

Dókítà tó rí mi jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó lè ti jókòó ní kíláàsì mi nígbà kan. Ó ní kí n gbé omi mì, ó dúró lẹ́yìn mi, ó fi ìka wá ọrùn mi, ó rán mi lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò ọrùn. Káàdì ìlera ìjọba gbé díẹ̀ nínú owó rẹ̀, mo ta aṣọ kan tí mo ti ń tọ́jú kí n tó lè gbé ìyókù. Nígbà tí èsì dé, ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí tíṣà ṣe ń ṣàlàyé fún tíṣà.

Ó ní ẹran kékeré kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo ènìyàn, tó na apá méjì bíi labalábá. Òun ló ń mú kí ara mọ ìgbà tí yóò yára àti ìgbà tí yóò rọra. Kò lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí áyódíìnì, ohun kan tó wà nínú omi òkun. A ń rí i nínú ẹja òkun, nínú ẹyin, nínú mílíìkì, àti nínú iyọ̀ tí òfin ní kí wọ́n máa fi í sí. Díẹ̀ gan-an ni ara ń fẹ́ lójúmọ́, kò tó ohun tó lè dúró lórí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ náà kò bá dé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹran yìí a máa fẹ̀, bí ẹni tó la ọwọ́ méjèèjì láti gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún un.

Ó ní tèmi kì í ṣe jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi sì dára. Ó ní kí n ṣàtúnṣe oúnjẹ kí ó má baà tóbi sí i, ṣùgbọ́n kí n má retí pé oúnjẹ yóò mú èyí tó ti tóbi wálẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ jù. Kí n máa wá kí wọ́n máa wò ó. Bí ó bá ń tẹ ọ̀nà èémí, iṣẹ́ abẹ ni yóò kù.

Ó wá bi mí ní ohun tí à ń jẹ.

“Màmá, etí òkun lẹ ń gbé. Irú ẹja wo lẹ ń sè?”

“Ẹja àrọ̀. Tìlápíà. Nígbà mìíràn, kóòbì.” Tìlápíà tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sá gbẹ, ni à ń pè ní kóòbì ní Gánà.

“Inú odò ni gbogbo ìyẹn ti wá. Ṣàwá ńkọ́? Pánlá?”

“A kì í se ẹja òkun nílé wa. Ara ọkọ mi kò gbà á. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó jẹ ẹ́, gbogbo ojú rẹ̀ wú, díẹ̀ ló kù kí èémí bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ kò ti jẹ́ kí ó wọ ìkòkò.”

“Ọkọ yín ńkọ́ báyìí?”

“Ó ti ṣaláìsí. Ó ti pẹ́.”

Dókítà wò mí. Èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọkùnrin tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹja òkun ti wà nínú sàréè, ìkòkò wa sì ń pa òfin rẹ̀ mọ́ síbẹ̀.

“Iyọ̀ ńkọ́?”

Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. “Iyọ̀ tí òfin ní kí a máa jẹ ni, èyí tó wà nínú ọ̀rá. Ọmọ mi ló ń rà á. Ìyá ọkọ mi á wá fọ̀ ọ́ kó tó—”

“Ẹ dúró ná. Ó ń fọ kí ni?”

“Iyọ̀.”

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí Ìyá ń tajà, Ada ni iyọ̀ ti ń wá, iyọ̀ oníhóró tí wọ́n gbá jọ létí ọ̀sà tòun ti iyanrìn. Ìyá a dà á sínú ajọ̀, a da omi lé e lórí wàràwàrà kí ó tó yọ́, a sì sá a sórí páànù nínú oòrùn. Iyọ̀ rẹ̀ a funfun ju ti gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká lọ; ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n nìyẹn ní Makola. Nígbà tí oníhóró inú ọ̀rá dé, tí wọ́n ti fi áyódíìnì sí i, Ìyá ní ó ń run bí oògùn. Ó sì ń fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ ti Ada. Omi a gbé áyódíìnì lọ, oòrùn a sì gba èyí tó bá ṣẹ́ kù. Iyọ̀ tó ń wọ ọbẹ̀ wa mọ́ tónítóní, kò sì sí ohun tí ọrùn mi ń wá nínú rẹ̀.

Nínú tròtrò, ọkọ̀ akérò wa, bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Ìyá ni mò ń rò títí mo fi délé. Ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ dókítà. Nípa ti iyọ̀, ó bínú.

“Kí n máa bu iyanrìn jẹ? Iyọ̀ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà?”

“Ti inú ọ̀rá kò ní iyanrìn, Ìyá. Bí òkúta kan bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, a lè ṣà á.”

“Òórùn oògùn yẹn ńkọ́?”

“Oògùn náà gan-an la fẹ́ jẹ, Ìyá.”

Ó pòṣé. Nípa ti ẹja, kò bínú rárá, ìyẹn ló sì le jù. Ó ní, “Bí Ganíyù bá wọlé ńkọ́?” Ganíyù ni orúkọ ọkọ mi. Ìyá kò ṣarán. Ó mọ̀ pé wọ́n ti sin ọmọ òun. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. N kò tún dárúkọ ẹja mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹyin sísè nílé ìwé, Rukayat sì ń gbìyànjú láti fi ọ̀rá iyọ̀ pamọ́ fún Ìyá. Ìyá a sì wá a rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ nìyí. Àbúrò ọkọ mi, Alhaji Múfútáù, ní ṣọ́ọ̀bù ní Okaishie, ìpara àti ọṣẹ ló ń tà níbẹ̀. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ní àṣà wa ọkọ ló jẹ́ fún mi, ohun tí ọkọ bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá, ìyàwó kì í tì í padà. Nígbà tó gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí lọ́rùn, ó wá sílé tòun ti ìgò ńlá kan. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé dúdú ló wà nínú rẹ̀.

“Ìyàwó wa, kí ni dókítà ní kò tó lára yín?”

“Áyódíìnì.”

“Ó dáa. Koríko inú òkun nìyí. Oníṣòwò àjèjì tó múlé gbè mí ní Okaishie ló ń kó o wọlé. Ó ní ohun tó wà nínú ṣíbí kan níbí, ẹ lè jẹ ẹja títí ẹ máa fi hu ìpẹ́, ẹ ò ní rí i.”

“Dókítà ní díẹ̀ ni ara ń fẹ́.”

“Ẹni tí ebi ti ń pa láti ọdún gbọọrọ, òkèlè kan ṣoṣo lẹ máa fún un? Ẹ jẹ́ kó yó! Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Ẹ fi oyin là á. Ọ̀bẹ, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àgbò Iléyá.”

Ìyá ṣe àmín. Inú rẹ̀ dùn: koríko kì í ṣe ẹja, kò sì ní wọ ìkòkò. Èmi rántí ohùn obìnrin Chorkor. Bí ìyẹ̀fun yìí bá lè gbà mí lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ohùn mi yóò kù fún mi. Mo bu ṣíbí kan.

Fún ìgbà díẹ̀ ara mi yá gágá. Nígbà tó yá, yíyá náà kò mọ ibi tó yẹ kó dúró mọ́. Mo jókòó, ọkàn mi a máa lù kìkì bí ọkàn ẹni tó sáré. Òógùn ń bò mí nínú ọyẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà tí mo bá fà sára pátákó fi ń wọ́. Mo ń jẹun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì ń rù. Mo jágbe mọ́ ọmọ kan nítorí pé pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì wò mí bí àlejò. Nílé, wọ́n rí i pé mo ń rù, wọ́n ní oògùn ń ṣiṣẹ́.

“Ṣé ẹ rí i? Gẹ̀gẹ̀ ń yọ́!” ni Alhaji wí.

Kò yọ́. Ara tó yí i ká ló yọ́, gẹ̀gẹ̀ wá hàn síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ni Rukayat gbé mi padà lọ sí ọsíbítù. Ó ní làákàyè láti gbé ìgò náà dání. Dókítà kan náà la bá níbẹ̀. Ó ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ta ló ní kí ẹ máa mu èyí?”

“Ọkọ mi.”

“Ọkọ yín tó ti kú?”

“Àbúrò rẹ̀ ni,” Rukayat dá sí i. “Ọ̀dọ̀ wa, ìdílé ọkọ lódindi lèèyàn ń fẹ́.”

Dókítà rẹ́rìn-ín, èmi tí èémí kò tó náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò. Ẹran ọ̀fun tí kò rí oúnjẹ rẹ̀ jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá da àpọ̀jù lé e lórí lójijì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ láìsinmi, ọkàn ni yóò sì ru ẹrù náà. Àìtó ló mú gẹ̀gẹ̀ wá, àpọ̀jù ló fẹ́ pa mí. Ó ní ẹja inú ọbẹ̀ àti iyọ̀ tí a kò fọ̀ kì í ṣe irú èyí fún ẹni. Ìyẹ̀fun tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe é. Ó tún ní àwọn kan tilẹ̀ ti mu áyódíìnì pupa tí a fi ń tọ́jú ojú egbò, pé májèlé ni lẹ́nu. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan tó ń ka èyí ní ìgò kan nílé.

Ó fún mi ní oògùn tí yóò mú ọkàn mi rọlẹ̀, ó ní a kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ títí ara mi yóò fi balẹ̀. A lo oṣù púpọ̀ lórí ìyẹn. Ní gbogbo àkókò náà, gẹ̀gẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, mímí mi wá ń dún bí fèrè bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ìwé. Dókítà oníṣẹ́ abẹ, ọkùnrin àgbàlagbà kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, fi àwòrán hàn mí. Iṣan kan tó tín-ín-rín bí òwú, tó ń gbé ohùn, ló gba ẹ̀yìn ibi tí òun máa gé.

“Èmi á ṣọ́ ọ bí ojú mi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí ohùn fún yín, Màmá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí a bá fi èyí sílẹ̀, èémí yín ló máa gbà.”

A ṣe ìpàdé ní pálọ̀ wa. Alhaji Múfútáù kò lè wo ojú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀bẹ ṣì ń bà á.

“Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i, ìyàwó wa. Tíṣà tí kò lóhùn, kí ni yóò máa ṣe?”

“Tíṣà tí kò mí ńkọ́, Bùrọ̀dá?” ni Rukayat bi í.

Ìyá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo sọ fún wọn pé mo ti gbọ́ tẹnu kálukú, màá sì ṣe é.

Ní ọjọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó dá mi dúró sí ọsíbítù, mo gbé ìwé ìṣirò sílẹ̀, mo ka ìtàn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo kà á sókè, mo ṣe ohùn ìjàpá, mo ṣe ohùn àna rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní ẹ̀yìn pátápátá ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ ìdí tí mo fi kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan dúró tì mí, ó ní, “Màmá, kí lorúkọ yín?” Mo la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ náà ni. Rukayat di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ pé ó máa padà, ó máa padà, omijé sì ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Èémí mi ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn mí bẹ́ẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, n kò sì lè sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó kúrò ní ọsíbítù, ohùn wúyẹ́wúyẹ́ kan ti ń jáde. Oníṣẹ́ abẹ ní iṣan náà kò já, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kí a máa dúró.

Ọjọ́ tí mo padà sílé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wà nídìí iná. Ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí Makola fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún burúkú yẹn, ó ti ra ṣàwá, ó dín in, ó sì fi se ọbẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, ìkòkò tí kò jẹ́ kí ẹja òkun kàn láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní kékeré. Ó bu ú fún mi.

“Jẹ ẹ́,” ó ní. “Ganíyù kò ní wọlé mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ kó máa wọlé.”

Mo kúnlẹ̀, nítorí ẹnu mi kò lè dúpẹ́. Ó gbé mi dìde, ó sì fi ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Mi ò fọ iyọ̀ rẹ̀,” ó ní.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ohùn mi padà díẹ̀díẹ̀, kò padà tán. Ó lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo parí ọdún tó kù fún mi lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ kọ́ láti dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ mi, ohun tí ariwo mi kò lè kọ́ wọn rí. Mò ń gbé hóró oògùn kékeré kan mì láràárọ̀ kí n tó jẹun, bẹ́ẹ̀ ni màá sì máa ṣe títí ayé mi, nítorí èyí tó kù nínú ẹran ọ̀fun mi kò tó iṣẹ́ ṣe. Mò ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè mí. Mo ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Nílé wa, agolo onídèérí ni iyọ̀ ń gbé, ó jìnnà sí iná, ó jìnnà sí oòrùn. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná ni a ń fi í sí i. A kò bù ú ju bí a ṣe ń bù ú tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rò pé àjẹjù iyọ̀ ni ìwòsàn yóò fi ẹ̀jẹ̀ ríru san án. Ṣàwá ń wọ ìkòkò, pánlá ń wọ̀ ọ́, a ń jẹ ẹyin, a ń fi mílíìkì sí ògì. Nígbà tí Rukayat lóyún, iyọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo bi í, nítorí wọ́n sọ fún mi pé ọmọ inú ló ń jìyà àìtó yìí jù. Ìyá, tó ti darúgbó gan-an, di oníwàásù. Bí ará Makola kan bá wá kí i, kò ní jẹ́ kó jókòó kó tó bi í: “Ṣé o kì í fọ iyọ̀? Wo ìyàwó mi. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ fún un!” Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe àwàdà. Mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Makola wá bá mi. Wọ́n sọ fún un pé mo ti ní irú rẹ̀ rí. Ọrùn rẹ̀ ti wú, ó sì ti gbọ́ nípa ìgò kan tí wọ́n ń tà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un. Ó na ọrùn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, mi ò gbọ́ yín.”

Mo ní, “Ibi tí ohùn mi mọ nìyí, ọmọ mi. Ìwọ ni kó o sún mọ́ mi.”

Ó gbé àpótí tó jókòó lé, ó sún mọ́ mi títí eékún wa fi kan ara wọn. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí: kí ó lọ sí ọsíbítù kí kókó náà tó tẹ ọ̀nà èémí rẹ̀, bí wọ́n bá bi í ní ohun tó ń jẹ, kí ó sọ gbogbo rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń sè é, àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, kí ó má sì fi ṣíbí bu ohun tí dókítà kò wọ̀n fún un. Ẹ̀yin tí mo ń kọ̀wé sí, mo bẹ̀ yín, ẹ sún mọ́ mi bákan náà. Ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n, kí ẹ má baà fi ọrùn ara yín kọ́ ọ.